Ẹyọ Kan Péré: Ohun Tí Sìgá Tí À Ń Rà Lẹ́yọ-lẹ́yọ Ń Fi Pa Mọ́ Fún Wa

Bí ẹ bá dúró ní kùtù hàì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ kékeré kan ní ojú ọ̀nà Oyèmẹ́kùn ní Àkúrẹ́, ẹ máa rí ọlọ́kadà tó máa yà síbẹ̀ láìpa ẹ́ńjìnnì. Kò ní sọ̀ kalẹ̀. Á na owó síwájú, á ní, "Màmá, ẹ fún mi lẹ́yọ kan." Màmá ò ní bi í pé ẹyọ kí ni. Wọ́n á ki ọwọ́ bọ inú pákẹ́ẹ̀tì kan tó wà láàárín bisikíìtì àti ọṣẹ, wọ́n á fa igi sìgá kan yọ, wọ́n á fi súìtì mínǹtì kan tì í. Láítà wà níbẹ̀, okùn ni wọ́n fi so ó mọ́ òpó ìsọ̀ kí oníbàárà má baà gbàgbé rẹ̀ sápò. Ọkùnrin náà á ṣáná sí i, á fà á lẹ́ẹ̀mejì, ó di Ọjà Ọba.

Gbogbo ẹ̀ ò pé ìṣẹ́jú kan. Inú ìṣẹ́jú kan yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ ohun tó yẹ ká mọ̀ nípa ìpalára sìgá sá pa mọ́ sí. Ẹ wo pákẹ́ẹ̀tì yẹn. Ara rẹ̀ ni ìkìlọ̀ ìjọba wà, pé ẹni tó ń fa sìgá lè kú ní rèwerèwe. Ọlọ́kadà ò rí i, nítorí ẹyọ kan ló rà, ìkìlọ̀ kò sì sí lára ẹyọ kan. Màmá tó ń rí i láràárọ̀ ò fa sìgá rí láyé wọn. Lọ́jọ́ tí mo ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ fún wọn, tí mo túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń tà á. Mo rò pé orúkọ àwọn tó ṣe é ni wọ́n kọ síbẹ̀."

Ọ̀pọ̀ èèyàn ní Àkúrẹ́ àti ní Òǹdó ni kò mọ̀ pé títa sìgá lẹ́yọ-lẹ́yọ lòdì sófin. Òfin náà kì í ṣe ti àná. Oṣù Karùn-ún ọdún 2015 ni Ààrẹ Goodluck Jonathan bu ọwọ́ lù ú, nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kó gbéjọba sílẹ̀. Òfin náà ní odidi pákẹ́ẹ̀tì tí igi 20 wà nínú rẹ̀ ni kí wọ́n máa tà, kò gbọdọ̀ dín. Ó ní wọn ò gbọdọ̀ tà á fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ náà ò sì gbọdọ̀ tà á fún ẹnikẹ́ni. Ó de ìpolówó rẹ̀, ó de títà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì ní ìkìlọ̀ gbọ́dọ̀ gba ìdajì ojú pákẹ́ẹ̀tì, ó kéré tán. Wọn ò gbọdọ̀ fà á nílé ẹ̀kọ́, nílé ìwòsàn, nínú ọkọ̀ èrò àti níbi tí ọmọdé ti ń ṣeré. Ọdún 2019 ni ìlànà tó sọ bí wọ́n ṣe máa mú òfin náà ṣẹ jáde. Kí 2015 tó dé pàápàá, Nàìjíríà ti wọ inú àdéhùn àgbáyé tí àjọ ìlera WHO ṣe lórí tábà ní ọdún 2005, àṣẹ ìjọba ológun kan sì ti wà nílẹ̀ láti ọdún 1990.

Òfin ń bẹ ní Abuja, láítà ń bẹ lórí okùn ní Oyèmẹ́kùn.

Kí ló wá kan àwọn aṣòfin nípa pé ẹnì kan ra ẹyọ kan tàbí ó ra ogún? Ẹ wo ọmọ ilé ìwé. Odidi pákẹ́ẹ̀tì ju agbára rẹ̀ lọ. Ẹyọ kan ò ju ohun tí ìyá rẹ̀ fún un láti fi ra ìrẹsì lákòókò ìsinmi. Bí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì bá dáwó jọ, wọ́n á fà á yí ara wọn ká lẹ́yìn ògiri. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn àgbàlagbà tó ń fa sìgá lónìí ló bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó pé ogún ọdún, kò sì sí èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú odidi pákẹ́ẹ̀tì nínú àwọn tí mo mọ̀. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Àgbàlagbà náà ò yọ nínú ẹ̀tàn ẹyọ kan. Ní gáréèjì tí wọ́n ti ń wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn, mo bi awakọ̀ kan léèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, mélòó lẹ ń fà lójúmọ́?" Ó ní, "Àbúrò, èmi kì í fa sìgá bí àwọn yìí o. Ẹyọ kan, ẹyọ méjì, ó tán." Kí ọkọ̀ rẹ̀ tó kún, mo ti ka mẹ́rin. Kò purọ́ fún mi. Ẹni tó ń ra nǹkan lẹ́yọ-lẹ́yọ lọ́wọ́ ìyá yìí, lọ́wọ́ àbókí tọ̀hún, kì í rí àpapọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ra pákẹ́ẹ̀tì á rí i pé ó ti ń tán.

Ká tiẹ̀ ní òótọ́ ni pé ẹyọ kan péré lèèyàn ń fà lóòjọ́. Bí a bá fi ìṣirò ọjà ṣe é, a ó ní ewu tó wà lórí ẹ̀ kò ju ìdá kan nínú ogún èyí tó wà lórí ẹni tó ń fa ogún. Ìwádìí tí ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ gbé jáde ní 2018, níbi tí àwọn onímọ̀ ní London ti kó èsì ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwádìí jọ sójú kan, fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ní ti àìsàn ọkàn àti rọpá-rọsẹ̀, ẹyọ kan lóòjọ́ ń kó tó ìdá 40 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún àfikún ewu tí ogún ẹyọ ń kó. Ìlàjì lẹ ti san tán nígbà tí ẹ rò pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tọ́ ọ wò. Èyí ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ "mo ti dín in kù" máa bà mí nínú jẹ́ nígbà tí mo bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí dókítà ti sọ fún pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Dídín in kù dára fún ẹ̀dọ̀fóró, ó sì dára fún àpò. Ọkàn ní tirẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀.

Ohun tó fà á ni bí èéfín náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Kẹ́míkà tó wà nínú rẹ̀ lé ní 7,000, ó kéré tán 69 nínú wọn ni wọ́n ti mọ̀ pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Ẹ má wulẹ̀ há orúkọ wọn sórí. Mẹ́ta péré ló tó láti mọ̀, a sì ti ń bá mẹ́ta yẹn gbé tẹ́lẹ̀ láìmọ orúkọ wọn.

Èkíní ni gáàsì tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide. Òun ló máa ń pa odidi ìdílé mọ́jú nígbà tí wọ́n bá gbé jẹnẹrétọ̀ sí kọ́rídọ̀ tí wọ́n sì ti fèrèsé pa. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Ẹ̀jẹ̀ wa máa ń dì mọ́ ọn ju bó ṣe ń dì mọ́ oxygen, afẹ́fẹ́ tó ń gbé ẹ̀mí wa ró, lọ ní ìlọ́po tó ju 200 lọ. Bó bá ti gba ìjókòó nínú ẹ̀jẹ̀, oxygen á máa dúró bí èrò tí kò rí ọkọ̀ wọ̀. Ọkàn á wá máa sáré láti fi ẹ̀jẹ̀ tí kò ní oxygen tó bọ́ gbogbo ara. Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò, kó mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń fa sìgá lọ sí Òkè Ìdànrè, níbi tí àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ń dúró de yín. Ibi tó ti máa jókòó àkọ́kọ́ ni ẹ fi máa mọ̀.

Èkejì ni ọ̀dà. Ẹ rántí bí gíláàsì àtùpà ṣe máa ń dúdú nígbà tí iná bá ń rú èéfín, tí a máa fi ìwé ìròyìn nù ún? Nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀ ló ń lẹ̀ mọ́ inú ẹ̀dọ̀fóró, kò sì sí ìwé ìròyìn tó lè dé ibẹ̀. Ọlọ́run fi irun tíńtìntín kan sí ojú ọ̀nà èémí wa, iṣẹ́ ìgbálẹ̀ ni wọ́n ń ṣe: wọ́n ń gbá eruku àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde. Èéfín sìgá máa ń kó àwọn ìgbálẹ̀ yìí lára pa. Ní òru, nígbà tí onísìgá bá sùn, wọ́n á tún ta jí díẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí ikọ́ rẹ̀ fi máa ń le láàárọ̀, tó máa hú gbùúù lẹ́nu ọ̀nà bíi pé ó ń pe aráalé. Á ní ọyẹ́ ni. Bí ọyẹ́ bá lọ, á ní òjò ni. Ìgbà tó bá fa sìgá àárọ̀, ikọ́ náà á rọlẹ̀, nítorí ìgbálẹ̀ ti tún kú lára, á sì gbà pé oògùn ikọ́ ni sìgá.

Ẹ̀kẹta ni níkótíìnì, òun ni kò jẹ́ kí èèyàn lè fi í sílẹ̀. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tí èéfín wọlé, ó ti dé ọpọlọ. Ọpọlọ á kọ́kọ́ gbádùn rẹ̀, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè rẹ̀. Tí wọ́n bá ní sìgá ń mú ara balẹ̀, òótọ́ ni wọ́n sọ, àmọ́ ẹ bi wọ́n pé kí ló da ara náà rú? Wàhálà tí ẹyọ àárọ̀ dá sílẹ̀ nígbà tó ń tán lára ni ẹyọ ọ̀sán wá pẹ̀tù sí. Gbèsè ni wọ́n ń san, olówó èlé náà ló sì tún ń yá wọn lówó tí wọ́n fi ń san án. Àwọn kan tiẹ̀ wà tí wọn ò lè ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ láàárọ̀ bí wọn ò bá fa sìgá. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Níkótíìnì máa ń ta ìfun jí lóòótọ́, ìfun náà sì ti kọ́ láti máa dúró dè é.

Ní ti àìsàn, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ni gbogbo ayé mọ̀. Ẹni tó ń fa sìgá lè ní i ní ìlọ́po 15 sí 30 ju ẹni tí kò fà á lọ. Ọdún 1950 ni Richard Doll àti Austin Bradford Hill tẹ ìwádìí wọn jáde ní Ìlú Ọba, Doll fúnra rẹ̀ sì jáwọ́ nínú sìgá nígbà tó rí ohun tí ìwádìí òun ń sọ. Lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́pa àwọn dókítà ilẹ̀ náà fún àádọ́ta ọdún, wọ́n sì rí i pé àwọn tó fa sìgá títí fi nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ṣáájú àwọn tí kò fà á kú. Dókítà ni gbogbo wọn o, àwọn tó mọ̀ nípa ara, tí ilé ìwòsàn sì súnmọ́.

Níbi tiwa, ìṣòro mìíràn ni pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró jọ ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ikọ́ ni méjèèjì, èèyàn á máa rù, ẹ̀jẹ̀ á máa tẹ̀ lé kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Ọ̀pọ̀ aláìsàn máa ń lo oṣù mélòó kan nídìí oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ kí wọ́n tó mọ̀ pé ọ̀nà kò gba ibẹ̀. Ti pé sìgá náà tún máa ń ju ìlọ́po méjì fi kún ewu ikọ́ ẹ̀gbẹ gan-an ló wá sọ ọ́ di ìdì tó nira láti tú.

Ẹnu, ọ̀fun, àpò ìtọ̀, kíndìnrín, ọrùn ilé ọmọ: jẹjẹrẹ gbogbo wọn ni sìgá lọ́wọ́ nínú. Ó ń sọ ewu ìtọ̀ ṣúgà di púpọ̀ sí i ní ìdá 30 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Kì í jẹ́ kí egbò tètè jinná, ọgbẹ́ inú pẹ̀lú. Ó wá ku ọ̀rọ̀ kan tí àwọn ọkùnrin kì í fẹ́ gbọ́. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tí sìgá ń sọ di tóóró kò mọ sí ti ọkàn nìkan. Àwọn tó kéré jù lọ ló máa ń kọ́kọ́ dí, ẹ sì mọ ibi tí àwọn tó kéré wà lára ọkùnrin. Mo ti rí wọn nídìí ọtí páráàgà ní Òǹdó nírọ̀lẹ́: sìgá wà láàárín ìka ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ òsì ń na kọ́ọ̀bù sí ìyá alágbo pé kó bu ọ̀pá ẹ̀yìn fún àwọn. Ọwọ́ kan ń fọ́ ilé, èkejì ń ra sìmẹ́ńtì.

Àwọn èèyàn máa ń fi bàbá ẹnì kan dá mi lóhùn. Gbogbo àdúgbò ló ní bàbá kan tó fa sìgá dé ọgọ́rin ọdún, tí ikú rẹ̀ ò sì ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ẹ̀dọ̀fóró. N kì í jiyàn. Àjọ WHO gan-an sọ pé tábà ń pa tó ìdajì àwọn tí kò jáwọ́ nínú rẹ̀. Ìdajì kejì wá nìyẹn, bàbá yín wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n àwọn tó bá a fa sìgá nígbà èwe, tí wọ́n kú ní àádọ́ta ọdún, kò sí níbi ìjókòó yẹn láti wá jẹ́rìí tiwọn. Ẹni tó bọ́ nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ló máa ń ròyìn.

Lágbàáyé, iye tí tábà ń pa lọ́dọọdún ju mílíọ̀nù méje lọ. Nínú wọn, ó lé ní mílíọ̀nù kan tí kò fa sìgá rí, èéfín ẹlòmíì ló pa wọ́n. Mo fẹ́ ká dúró níbí díẹ̀, nítorí èyí gan-an ni tiwa. Ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe jákèjádò Nàìjíríà lọ́dún 2012 rí i pé ìdá 5.6 nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà ló ń lo tábà, àwọn bíi mílíọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀. Nínú àwọn ọkùnrin, ó jẹ́ ìdá 10. Nínú àwọn obìnrin, ìdá 1.1 péré. Lójú onísirò, a dára ju ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè lọ. Ẹ wá gbé e wọ inú ilé oníyàrá mẹ́wàá kan ní Òkè Àró, tí kọ́rídọ̀ ẹyọ kan pín sí méjì: ọkùnrin ló ń fà á, obìnrin àti ọmọ ló ń bá a mí i. Aboyún tó ń gbé pẹ̀lú èéfín lè bí ọmọ tí kò tẹ̀wọ̀n tó. Ikọ́ fée ọmọ á máa dìde, òtútù àyà á máa tún padà wá, etí á máa dùn ún. Bàbá á ní ẹnu ọ̀nà lòun ti ń fà á, bíi pé èéfín mọ ibi tí wọ́n ń pè ní ẹnu ọ̀nà. Ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ owó kò gùn. Ká fi ẹyọ kan sí ₦100, márùn-ún lóòjọ́ di ₦500, oṣù kan di ₦15,000. Òṣìṣẹ́ tó ń gba owó oṣù tó kéré jù lọ lọ́wọ́ ìjọba Ìpínlẹ̀ Òǹdó, ₦73,000, ti fi ohun tó ju ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ rú èéfín. Tí ẹ bá béèrè ₦15,000 lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún owó ilé ìwé ọmọ, ẹ máa gbọ́ àlàyé. Iṣẹ́ ẹyọ kan tún nìyẹn. Àwọn àgbẹ̀ kòkó náà ní àròyé tiwọn: ìdí sìgá tí ẹnì kan jù sínú ewé gbígbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lè jó oko tí bàbá ẹni fi ogún ọdún gbìn.

Tábà kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀nà òkun ló gbà wọlé pẹ̀lú àwọn Pọtogí. Tábà Bahia ní Brazil wà lára ohun tí wọ́n fi ra ẹrú ní etíkun wa, orúkọ tí a sì ń pè é dòní jọ ti ẹnu wọn. Àwọn bàbá wa fà á nínú kòkò amọ̀, àwọn ìyá wa fi áṣáà sẹ́nu. Sìgá oníléeṣẹ́ ló dé láyé òyìnbó: ilé iṣẹ́ tó di Nigerian Tobacco Company lẹ́yìn náà bẹ̀rẹ̀ ní Òṣogbo lọ́dún 1933, ó sì dé Ìbàdàn lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Ọdún 2003 ni British American Tobacco ṣí ilé iṣẹ́ tuntun ní Ìbàdàn, àwọn àgbẹ̀ Òkè Ògùn sì ń gbin ewé rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá gbọ́ pé ìjọba fẹ́ fún sìgá lọ́rùn, ẹ rántí pé ìjọba kan náà ń gba owó orí lórí rẹ̀. Lọ́dún 2018, wọ́n fi náírà kan sórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó di ₦2.90 ní 2020. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, àjọ FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, kéde pé British American Tobacco máa san owó ìtanràn mílíọ̀nù 110 dọ́là lẹ́yìn ìwádìí ọlọ́dún mẹ́ta. Owó ńlá ni. Kò dé ìsọ̀ ojú ọ̀nà Oyèmẹ́kùn.

Àwọn ọ̀dọ́ tó wà ní àyíká FUTA, yunifásítì tó wà ní Àkúrẹ́, máa sọ fún yín pé àwọn kì í fa sìgá, ṣíṣà ni tàbí vape, sìgá oníbátìrì. Omi tó wà nínú ìgò ṣíṣà kò sẹ́ májèlé kankan tó ṣe pàtàkì. Ó kàn mú èéfín tutù ni, kéèyàn lè fà á púpọ̀, èédú tó wà lórí rẹ̀ sì tún ń da carbon monoxide tirẹ̀ pọ̀. Iṣẹ́ kan náà ni mẹ́ńtọ́ọ̀lù ń ṣe nínú sìgá: ó ń mú ọ̀fun tutù kó má baà kìlọ̀. Vape kò ní ọ̀dà, ṣùgbọ́n níkótíìnì ń bẹ nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀, olówó èlé tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan sì ni.

Ó wá ku bí èèyàn ṣe ń jáwọ́. Ara máa ń yára dárí jini ju bí a ṣe rò lọ. Láàárín ogún ìṣẹ́jú tí ẹyọ tó kẹ́yìn kú, ìlùkìkì ọkàn ti ń rọlẹ̀. Láàárín wákàtí 12, carbon monoxide inú ẹ̀jẹ̀ ti padà sí bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn ọdún kan, àfikún ewu àìsàn ọkàn ti dín ní ìdajì; lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ewu ikú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ti dín sí nǹkan bí ìdajì ti ẹni tó ń bá a lọ. Ìwádìí àwọn dókítà tí mo mẹ́nu bà sọ pé ẹni tó jáwọ́ ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún gba fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ọdún mẹ́wàá yẹn padà. Ẹni tó jáwọ́ ní àádọ́ta gba nǹkan bíi mẹ́fà. Ní ọgọ́ta, bíi mẹ́ta. Bàbá ẹni ọgọ́ta ọdún tó ní "ó ti pẹ́ jù fún mi" ń fi ọdún mẹ́ta ta ọrẹ.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló burú jù. Inú á máa bí ẹni tó ń jáwọ́, oorun ò ní wá, ebi á máa pa á. Àwọn aráalé tí kò mọ̀ á ní kó kúkú lọ fa sìgá rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ìpòùngbẹ náà kì í ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ tó bá dé. Kó mu omi, kó rìn jáde, kó wá nǹkan fi sẹ́nu. Ẹni tó bá ṣubú tó tún fà á, kó bẹ̀rẹ̀ padà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó jáwọ́ pátápátá ló ti gbìyànjú rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Dókítà tàbí apòògùn lè ràn án lọ́wọ́, pàápàá ẹni tó jẹ́ pé sìgá ló kọ́kọ́ ń wá tó bá ti lajú.

Àbúrò bàbá mi kan ní Òǹdó fa sìgá fún ọgbọ̀n ọdún. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n jáwọ́ tí wọ́n tún padà. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n lọ bá obìnrin tó ń tajà lójúde wọn, wọ́n ní, "Ìyá Bísí, láti òní lọ, ẹ má ta ẹyọ kan fún mi mọ́. Tí mo bá dé, ẹ ní odidi pákẹ́ẹ̀tì lẹ̀ ń tà." Wọn ò mọ̀ pé ohun tí òfin sọ náà nìyẹn. Ìyá Bísí fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ ó ṣe é. Nígbà tí wọ́n dé ní ọjọ́ kẹta, ọwọ́ ń gbọ̀n, ó dá owó odidi pákẹ́ẹ̀tì lé wọn. Wọ́n bú u, wọ́n padà sílé. Ní ọ̀sẹ̀ kejì wọ́n rà á. Wọ́n gbé e ka orí tábìlì, wọ́n wá awò ojú wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó wà lára rẹ̀, ohun tí wọn ò kà rí fún ọgbọ̀n ọdún.

Irú ẹ̀ kò ní ṣiṣẹ́ fún gbogbo èèyàn. Àwọn kan á fa ogún náà tán kí ilẹ̀ tó ṣú. Àbúrò bàbá mi ní tiwọn fa méjì nínú rẹ̀, wọ́n kó ìyókù dà sí ṣáláńgá. Ó ti pé ọdún mẹ́ta báyìí. Orógbó ló kún àpò agbádá wọn, Ìyá Bísí ni wọ́n sì ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀, lẹ́yọ-lẹ́yọ.